Gíláàsì mọ́tò tó ní tíńtì tàbí coating: bẹ́ ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ tí ò fi ní bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Camry Muscle mi, tíńtì ara ẹ̀ ni mo fi ń ṣakọ ládùúgbò. Ó dúdú minimini, ó ń dán, tí mo bá ti wọlé tí mo ti ilẹ̀kùn báyìí, oòrùn Ìbàdàn ò lè rí mi mú mọ́. Sátidé kan mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, bọ̀bọ́ tó fọ̀ ọ́ fẹ́ ṣe mí lóore, ó ní "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín fi oògùn gíláàsì nu inú ẹ̀ kó lè dán", oògùn yẹn búlúù, inú ike tí wọ́n fi ń fín nǹkan ló wà, òórùn ẹ̀ sì ń ta èèyàn nímú bíi tọ́ílẹ́ẹ̀tì gáréèjì. Mo ní kó máa ṣe é lọ, mo tún fún un ní owó gàrí lé e. Bá a ṣe sọ ọ́ di àṣà nìyẹn, ọ̀sẹ̀ dé, ó nù ún, ọ̀sẹ̀ dé, ó nù ún. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, gíláàsì ẹ̀yìn ti ń wú bíi pé wọ́n ń dín àkàrà lábẹ́ ẹ̀, dúdú ti di elésè àlùkò, tó bá di alẹ́ tí mọ́tò kan bá tanná sí mi látẹ̀yìn, mi ò rí nǹkan kan mọ́ nínú míró.

Mo fi ìbínú lọ bá bọ̀dá tó lẹ̀ ẹ́, pé náílọ́ọ̀nù gbàrọgùdù ló lẹ̀ fún mi. Ó wo gíláàsì, ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó ní "Kí lẹ fi ń nu inú ẹ̀?" Mo sọ fún un. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín pa á, ẹ má wá gbé òkú ẹ̀ fún mi."

Òórùn tó ń tani nímú yẹn, ammonia ni. Lórí gíláàsì lásán, kò sí wàhálà, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ló ń gé kúrò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi sínú ọ̀pọ̀ oògùn gíláàsì ilé. Àmọ́ tíńtì kì í ṣe gíláàsì o. Náílọ́ọ̀nù ni, èyí tí wọ́n ń pè ní polyester, gọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn ẹ̀ tó fi di gíláàsì mú, àwọn tí owó ẹ̀ ò wọ́n, aró ni wọ́n rẹ ẹ́ sí kó tó dúdú. Ammonia á máa jẹ náílọ́ọ̀nù yẹn, á máa jẹ gọ́ọ̀mù, oòrùn náà á máa jẹ aró látìta, àwọn méjèèjì á wá pàdé ní àárín. Ká sòótọ́, tíńtì aláró á padà di elésè àlùkò lọ́jọ́ kan torí oòrùn, kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ọdún ló yẹ kó gbà, kì í ṣe oṣù mẹ́fà.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan gíláàsì kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lára ẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ̀ bóyá inú ló wà àbí ìta. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Ẹ wa gíláàsì ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, bí ìka méjì, kẹ́ ẹ wo etí ẹ̀ lókè. Tó bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù, ẹ máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi tí wọ́n gé e dé, kì í sábà dé etí gíláàsì pátápátá, tẹ́ ẹ bá sì rọra fi èékánná wọ́ ọ látinú, ó máa kọ́ yín léèékánná díẹ̀. Inú mọ́tò ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ sí. Tẹ́ ò bá rí etí kankan, tó jẹ́ pé gíláàsì fúnra ẹ̀ ló dúdú wọra bí ìgò bíà, ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló ṣe é bẹ́ẹ̀, ó pọ̀ lẹ́yìn àwọn jíìpù, ìyẹn ò ní náílọ́ọ̀nù tó máa ṣí, oògùn gíláàsì tó bá wù yín lẹ lè fi nù ún. (Òótọ́ ni pé àlàyé yìí ò ní gbà yín lọ́wọ́ ọlọ́pàá lójú títì o, òfin tó de gíláàsì dúdú ti wà nílẹ̀ láti 1991, ẹ jẹ́ kí páámíìtì yín wà nínú mọ́tò.)

Coating ní tiẹ̀, oògùn tí wọ́n ń fi pa ojú gíláàsì ni, ìta ló wà. Kò ṣeé fojú rí. Àwọn kan jẹ́ silicone, bíi Rain-X tí wọ́n ń tà nínú ike kékeré, àwọn kan jẹ́ ceramic, owó tiwọn ga. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, kí omi òjò má bàa tẹ́ sórí gíláàsì, kó ṣù wóró wóró kó sì máa yí lọ bí omi orí ewé kókò. Ẹ ti rí ewé kókò lẹ́yìn òjò rí, àbí? Bó ṣe yẹ kí wíńsíkírìn yín rí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wà lórí títì Èkó sí Ìbàdàn tí òjò ń rọ̀, tẹ́ ẹ ń sáré bí 80, omi yẹn á máa sá gun òkè lọ fúnra ẹ̀, ẹ lè má fi bẹ́ẹ̀ nílò wáípà. Àwọn Lexus kan tiẹ̀ ní in lára gíláàsì ilẹ̀kùn iwájú látilé iṣẹ́, ẹni tó ni ín gan-an lè má mọ̀. Ẹ bu omi dà á, ẹ wò ó: tó bá ṣù, coating wà níbẹ̀, tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti lọ tàbí kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rí.

Ó dáa. Ohun tẹ́ máa lò ò pọ̀ rárá. Táwẹ́ẹ̀lì microfiber (èyí tí òwú ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an) bíi mẹ́rin, bákẹ́ẹ̀tì méjì, ike tí wọ́n fi ń fín omi, ṣáńpù ọmọdé. Ẹ kán ṣáńpù yẹn bí ẹ̀kán mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú lítà omi kan, ó tó, ẹ má rò pé bó bá ṣe ń hó tó ló ṣe ń fọ nǹkan mọ́ tó, ìfófòó tó bá ṣẹ́kù lára gíláàsì ló ń di àbàwọ́n tẹ́ ẹ máa fi gbogbo ọ̀sán nù. Omi náà ṣe pàtàkì, omi bòòhóòlù àdúgbò míì kún fún nǹkan funfun tó ń dì sí ìdí kẹ́tùlù, bó ṣe ń dì sí kẹ́tùlù náà ló ṣe ń dì sí gíláàsì. Píọ́ wọ́tà dáa jù ú lọ. Mo mọ ẹnì kan tó ń gbe omi tó ń kán láti ìdí éèsì ilé ẹ̀, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń fi í nu gíláàsì, ọgbọ́n gidi sì ni, torí omi tó wà nínú atẹ́gùn ló ń kán jáde, òkúta ò sí nínú ẹ̀.

Ẹ má lo síńgílẹ́ẹ̀tì àlòkù, ẹ má lo aṣọ tó ní bọ́tìnì tàbí síìbù. Ìwé ìròyìn tí àwọn bàbá wa fi ń nu gíláàsì, lórí gíláàsì lásán mi ò bá yín jà, àmọ́ ẹ má gbé e sórí tíńtì, ó máa ha á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ microfiber, ẹ má fi èyí tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ sí i, nǹkan yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ òwú ẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún fi nu gíláàsì ó máa wá ṣe wùrúkù bíi pé ẹ fi àdí pa á.

Tíńtì tuntun ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀! Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ má wa gíláàsì yẹn sílẹ̀ rárá, kódà tí ẹni tó ń ta gálà bá ń sáré tẹ̀ lé yín, torí gọ́ọ̀mù ò tíì dì, rọ́bà etí ilẹ̀kùn á ká náílọ́ọ̀nù yẹn wálẹ̀. Inú ẹ̀, ẹ má nù ún tó bí oṣù kan. Àwọn ìléròrò omi kéékèèké tẹ́ ẹ bá rí lábẹ́ ẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ tẹ̀ wọ́n, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ gún wọn, omi tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ni, ó máa gbẹ fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá páàkì sínú oòrùn á tètè gbẹ, nígbà òjò á pẹ́ díẹ̀.

Tó bá ti pé oṣù kan, inú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fín omi ṣáńpù yẹn sára táwẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe sára gíláàsì. Mo mọ̀ pé ó ń wuni kéèyàn kàn fín in fàà, àmọ́ omi tó bá ṣàn wálẹ̀ látara gíláàsì ilẹ̀kùn, inú bọ́tìnì tẹ́ ẹ fi ń wa gíláàsì ló ń lọ, èyí tó bá ṣàn látara wíńsíkírìn ń wọ inú dáṣíbọ́ọ̀dù, owó rẹwáyà ò sì kéré. Ẹ wa gíláàsì sílẹ̀ bí ìka méjì, ẹ kọ́kọ́ nu etí òkè, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí dúdú máa ń sá pamọ́ sí, kẹ́ ẹ tó wà á sókè kẹ́ ẹ nu ìyókù. Táwẹ́ẹ̀lì kan fún omi, òmíràn fún gbígbẹ. Ọgbọ́n kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn: inú, ẹ máa nù ún láti òkè sí ìsàlẹ̀, ìta, ẹ máa nù ún láti ọ̀tún sí òsì. Tẹ́ ẹ bá wá rí ìlà àbàwọ́n lẹ́yìn tó gbẹ, bí ìlà yẹn bá dúró gbọọrọ, inú ló wà, bó bá dùbúlẹ̀, ìta ni. Ẹ ò ní máa wọlé ẹ máa jáde bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Gíláàsì ẹ̀yìn nìkan ni òfin yìí yàtọ̀ fún. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ẹ̀ yẹn, wáyà ni wọ́n, àwọn ló ń gbóná láti lé ìrì kúrò, abẹ́ náílọ́ọ̀nù ni wọ́n wà. Ibi tí wáyà bá lọ ni kí ọwọ́ yín bá a lọ, ẹ má nù ún lódì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bíléèdì débẹ̀. Wáyà kan tó bá já, ìlà yẹn ò ní gbóná mọ́.

Tí inú wíńsíkírìn bá ń ṣe bàìbàì bíi pé èéfín kọjá lára ẹ̀, tẹ́ ẹ nù ún lónìí tó tún padà lọ́la, dáṣíbọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ mú. Ike ibẹ̀ máa ń tú nǹkan jáde tí oòrùn bá pa á, epo dídán tí wọ́n ń fín sí dáṣíbọ́ọ̀dù níbi ìfọmọ́tò wá ń dá kún un. Èmi ti sọ fún tèmi pé kí wọ́n má fín in mọ́, aṣọ tútù lásán ti tó, lójú mi dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń kọ mọ̀nà bí bàtà sójà ò níyì rárá, ó kàn ń gbé òjìji ara ẹ̀ sójú wíńsíkírìn lọ́sàn-án gangan ni. Gíláàsì tí inú ẹ̀ mọ́ kì í tètè mú ìrì nígbà òjò náà, tó bá sì mú un, éèsì ni kẹ́ ẹ tan, ẹ má fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ọ̀rá ọwọ́ yín lẹ ń kùn sí i.

Ìta wá kù. Òtútù àárọ̀ tàbí abẹ́ ibòji ni kẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́, torí tí gíláàsì bá gbóná, omi á gbẹ kẹ́ ẹ tó nù ún, á fi wóró wóró funfun sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da omi tó pọ̀ sí i kí iyanrìn ṣàn lọ kẹ́ ẹ tó fi fóòmù kàn án. Ṣáńpù mọ́tò ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fi Omo sílẹ̀ fún aṣọ, agbára tó fi ń gé ọ̀rá lára kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ló máa fi gé coating yín dànù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì da omi Omo sínú táńkì tó ń tú omi sí wíńsíkírìn, ó máa dì mọ́ ojú ihò kékeré yẹn, ọjọ́ tí tírélà bá ta ẹrẹ̀ sí yín lójú lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ̀ pé kò tú mọ́. Tí wóró funfun ti bòòhóòlù bá ti dì sí i, fínígà funfun tí wọ́n ń fi sí sàláàdì, ẹ fi omi là á ní ìdajì-ìdajì, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ rì sínú ẹ̀ lé ojú ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì, ẹ fọ̀ ọ́ dànù. Ìta nìkan o, kó má sì kán sára ọ̀dà mọ́tò kó gbẹ síbẹ̀.

Ìgbẹ́ ẹyẹ, ìgbẹ́ àdán, oje igi, ìwọ̀nyí ò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti páàkì sábẹ́ igi rí nínú ọgbà OAU n'Ífẹ̀, níbi tí àdán ti ń so rọ̀ bí èso, ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ẹ má fi ọwọ́ gbígbẹ ha á, ẹ má sì tan wáípà lé e lórí, wáípà á kàn fà á kiri bí ẹni ń ro àmàlà ni. Ẹ rẹ tíṣù nípọn sínú omi gbígbóná díẹ̀, ẹ fi bò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó máa rọ̀ ó máa tẹ̀ lé tíṣù wá. Oje máńgòrò tó ti le, sípíríìtì díẹ̀ lórí òwú, ìta nìkan náà ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi coating tuntun sí wíńsíkírìn, ìmúrasílẹ̀ gan-an ni iṣẹ́, fífi sí i ò ṣòro. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá rọra fi ọwọ́ kọjá lórí ẹ̀. Tó bá ń ṣe wájawàja lábẹ́ ọwọ́ yín, ìdọ̀tí tí ọṣẹ ò rí gé ṣì wà níbẹ̀. Amọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní clay bar, ó rọ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù, ẹ fi omi ṣáńpù mú gíláàsì yọ̀, kẹ́ ẹ máa fi yí i títí ọwọ́ yín á fi máa yọ̀ lọ ṣòrò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi sípíríìtì nu gbogbo ẹ̀ kí ọ̀rá kankan má ṣẹ́kù. Ẹ wá bu oògùn yẹn sára aṣọ, kì í ṣe sára gíláàsì, kẹ́ ẹ máa fi yí róbótó róbótó, ìdajì wíńsíkírìn lẹ́ẹ̀kan, ó máa gbẹ ó máa ṣe bí kùrukùru, ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ti silicone, ti ceramic, ẹ ka ara páálí ẹ̀, ìṣẹ́jú tó yẹ kó lò kẹ́ ẹ tó nù ún kì í jọra. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí òjò ṣú. Ti silicone kì í sábà ju oṣù mélòó kan lọ, ti ceramic lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ibi tí wáípà ń gbà kọjá ló sì kọ́kọ́ máa ń lọ. Tí wáípà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò tó ń ké gìrìgìrì lẹ́yìn tẹ́ ẹ fi coating sí i, oògùn tẹ́ ò nù tán ni tàbí rọ́bà wáípà ló dọ̀tí, ẹ fi sípíríìtì nu rọ́bà yẹn, ẹ máa rí dúdú tó máa jáde.

Ìgbà ọyẹ́ ni gíláàsì wa ń jìyà jù. Eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti apá Chad lọ́hùn-ún, látojú ilẹ̀ Bodélé, ó máa bo mọ́tò mọ́jú, ẹni tó bá fẹ́ tètè débi iṣẹ́ á kàn tan wáípà lórí gbígbẹ. Háà! Lórí òdiwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó, gíláàsì wà ní bíi 5.5, quartz tó wà nínú iyanrìn wà ní 7, ìyẹn ni pé iyanrìn le ju gíláàsì lọ, ẹ ń fi í ha á lẹ ń pè é ní nínù. Àwọn ìlà róbótó tẹ́ ẹ máa ń rí lójú wíńsíkírìn tí iná mọ́tò bá dojú kọ yín lálẹ́, ibi tó ti wá nìyẹn. Píọ́ wọ́tà méjì, ẹ tú u sí i kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáípà. Rọ́bà wáípà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dọọdún ó kéré tán, oòrùn wa yìí máa ń sọ ọ́ di ṣákítí.

Àwọn bọ̀bọ́ tó ń fò mọ́ wíńsíkírìn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà ńkọ́, tí wọ́n ti fi fóòmù pa á kẹ́ ẹ tó sọ pé rárá? Mi ò bá wọn ṣọ̀tá, oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá, àmọ́ fóòmù yẹn ti nu danfó mẹ́wàá tó ti Sángo bọ̀, iyanrìn gbogbo wọn ló wà nínú ẹ̀. Èmi máa ń tètè na owó sí wọn látojú gíláàsì kí wọ́n tó kàn án, pé "Àbúrò, gbà, má fọ̀ ọ́." Wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé.

Tíńtì tó bá ti wú bíi tèmi ò látùn-únṣe, bíbó ló kù. Bọ̀dá tó bá mi ṣe é ní kí n jókòó kí n wòran. Ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ó fi náílọ́ọ̀nù bo ìjókòó, ó gé báàgì dúdú tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí bó ṣe bá gíláàsì ẹ̀yìn mu, ó fi lẹ̀ ẹ́ láti ìta kó lè fa oòrùn mú. Ó wá fa ike búlúù kan yọ látinú àpò irinṣẹ́ ẹ̀, mo gbóòórùn ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Oògùn yẹn náà ni! Ó fín in sínú kó rẹ tíńtì yẹn dáadáa, ó tún fi báàgì míì bò ó, ó so ìbomú ẹ̀ mọ́mú, ó jáde lọ jẹun. Bíi wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀ ó di igun kan mú, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ bá wáyà lọ, gbogbo ẹ̀ sì tẹ̀ lé e wá pẹ̀lú gọ́ọ̀mù ẹ̀, láì sí bíléèdì.